Bí àwọn ológun bá ń wádìí iná àjèjì lójú ọ̀run, kí ni wọ́n ń wá gan-an?

Ọmọ_Obòkun (Iléṣà)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀rọ̀ kan ti gba ìgboro Iléṣà kan, láti Ìmọ̀ dé Ìsọkùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní àwọn rí iná tó tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀run, tó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí kò pariwo rárá. Lánàá, ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ sórí WhatsApp àdúgbò wa pé àwọn sójà ń bọ̀ wá ṣe ìwádìí, kí ẹni tó bá ya fídíò yáa pa á rẹ́ kó má baà di ẹjọ́. Àwọn kan sì ti pa tiwọn rẹ́ lóòótọ́.

Ó dùn mí. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn irú ìwádìí báyìí, ohun tí mo sì rí dìmú nínú rẹ̀ ni pé ìbéèrè tí ológun ń béèrè yàtọ̀ sí tiwa. Àwa ń béèrè pé, "Kí la rí?" Ológun ń béèrè pé, "Ṣé ọ̀tá ni? Ṣé ó lè ṣe wá ní jàǹbá?" Bí wọ́n bá ti rí ìdáhùn sí tiwọn, wọ́n á pa fáìlì dé. Tiwa á ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ Thomas Mantell. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 1948, àwọn ará ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà rí ohun funfun roboto kan lójú ọ̀run ní ọ̀sán. Àwọn tó wà ní ilé ìṣọ́ pápákọ̀ òfurufú Godman, lẹ́bàá Fort Knox, náà rí i. Mantell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọkọ̀ òfurufú ogun F-51 kọjá lọ lágbègbè náà, ni wọ́n bá ní kó bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gòkè tẹ̀lé e. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí padà nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ́síjìn di ìṣòro. Òun ń gòkè lọ ní tirẹ̀, ó kọjá 20,000 ẹsẹ̀ bàtà láìní ọ́síjìn. Ó dákú sókè níbẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì já lulẹ̀ nítòsí ìlú Franklin. Ọmọ ọdún 25 ni, ẹni tó ti ja ogun Normandy ní 1944 tó sì tinú rẹ̀ bọ́.

Kí ni wọ́n kọ́kọ́ sọ? Wọ́n ní Àgùàlà, tí Òyìnbó ń pè ní Venus, ló ń lé. Lọ́dún 1952, Edward Ruppelt, tó wá di olórí ìwádìí wọn, tún fáìlì náà yẹ̀ wò, ó sì rí i pé ó jọ Skyhook jù. Bàlúùnù ni Skyhook, irú èyí tí a ń fẹ́ fún ọmọdé lọ́jọ́ ìbí, àmọ́ tirẹ̀ fẹ̀ tó 100 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì ń gòkè ju ibi tí ọkọ̀ òfurufú ìgbà náà lè dé lọ. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ló ń fi í sókè, àṣírí sì ni. Àwọn tó ń wádìí ikú Mantell kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Bó bá jẹ́ Skyhook lóòótọ́, á jẹ́ pé ìjọba kan náà ló fi bàlúùnù sókè, òun náà ló ní kí ọmọkùnrin yẹn lọ wò ó, òun náà ló sì sọ fáráyé pé Àgùàlà ni.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ọn pé kí a pa ohun tí a rí rẹ́ nítorí pé sójà ń bọ̀. Àwọn wo ló yẹ ká fún ní ìjábọ̀ wa? Báwo ló ṣe yẹ ká kọ ọ́?

Ará_Lágere (Ilé-Ifẹ̀)

A rí i níbí náà, ẹ̀gbọ́n. Àwa mẹ́ta la dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní Lágere. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé nígbà tí wọ́n dé apá kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú níkọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn fi tán. Ọ̀kan tún wà tí kò rìn ní tirẹ̀. Apá ìwọ̀-oòrùn ló dúró sí, ó sì tàn ju gbogbo wọn lọ. Mo ní fídíò. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n pa á rẹ́, mi ò tíì dá a lóhùn.

Ìyá_Ìbejì (Mọ́dákẹ́kẹ́)

Má pa á rẹ́ o, ọmọ mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí iná bá hàn lójú ọ̀run lóru, wọn á ní àjẹ́ ló ń kọjá, kí oníkálukú wọlé, kó ti ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ń dúró wò ó, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́ títí dòní. Ìbẹ̀rù tọ̀tẹ̀ yìí ti wá di ti sójà, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Èyí tó dúró sí ìwọ̀-oòrùn, mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí i. Àwọn àgbà ní "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni." Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn ti wo ojú ọ̀run dáadáa, ó sì ti rí i bí àwọn tó kù ṣe ń ṣi nǹkan mú. Ó ṣeé ṣe kí nǹkan méjì ni ẹ rí lálẹ́ ọjọ́ náà tí ẹ kà sí ẹyọ kan.

Ẹ̀yin ò sì rántí ti Àkúrẹ́? Ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2020, nǹkan bú gbàmù lóru lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ó gbẹ́ kòtò ràbàtà, ó ba ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé jẹ́. Gómìnà ní ọkọ̀ tó kó ohun abúgbàù ló bú. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti OAU níbí lọ síbẹ̀, ó wọn kòtò náà, ó ní òkúta ló já bọ́ láti òkè ọ̀run. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ míì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn agbófinró náà wá, wọ́n bu yẹ̀pẹ̀, wọ́n lọ. Gbogbo ohun tí mo ń wò nígbà náà ni pé ta ló bi àwọn ará abúlé tó wà nítòsí léèrè pé, kí lẹ kọ́kọ́ rí, ìmọ́lẹ̀ ni àbí ariwo?

Ìràwọ̀_Àárọ̀ (OAU, Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ ṣé gan-an, mà. Físíìsì ni mò ń kà, ìbéèrè yín nípa ìmọ́lẹ̀ àti ariwo yẹn sì wà lára ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ béèrè. Ìmọ́lẹ̀ yá ju ariwo lọ fíìfíì. Ẹni tó bá lè sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bí nǹkan náà ṣe jìnnà tó.

Ní ti iná tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, ohun tó jọ ọ́ jù ni sátẹ́láìtì Starlink. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n ti ń kó wọn lọ sókè, 60 ni wọ́n kó nígbà àkọ́kọ́ yẹn. Ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n máa ń sún mọ́ ara wọn, wọn ò sì tíì gòkè dé nǹkan bíi kìlómítà 550 tí ọ̀pọ̀ wọn yóò ti máa ṣiṣẹ́. Wọn kì í tan iná kankan. Oòrùn ló ń tàn sí wọn lára lókè lọ́hùn-ún lẹ́yìn tó ti wọ̀ fún àwa tó wà nílẹ̀. Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ tàbí ìdájí la sábà máa ń rí wọn, a kì í rí wọn láàjìn.

Àmọ́ mi ò ní sọ pé òun ni, torí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ wákàtí, bẹ́ẹ̀ ni a ò mọ apá ibi tí wọ́n ti wá.

Òtítọ́_Korò (Iléṣà)

Sátẹ́láìtì, sátẹ́láìtì. Gbogbo ìgbà ni ẹnì kan máa ń wà nílẹ̀ tó máa fi orúkọ kan pa ẹni tó rí nǹkan lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn ìjọba ti fi ọwọ́ ara wọn kọ.

Láti oṣù Kẹjọ ọdún 1955 ni CIA, iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, ti ń fi U-2 sókè, ọkọ̀ amí tó ń fò kọjá 60,000 ẹsẹ̀ bàtà. Nígbà yẹn, láàárín 10,000 sí 20,000 ni ọ̀pọ̀ bàálù akérò ń fò. Ilẹ̀ á ti máa ṣú fún awakọ̀ bàálù nísàlẹ̀, oòrùn á ṣì máa tàn sára U-2 lókè, á máa kọ mànà. Awakọ̀ á kọ̀wé sí àwọn ológun pé òun rí ohun àjèjì. Àwọn òṣìṣẹ́ Project Blue Book, tó ń wádìí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Wright-Patterson ní Ohio, á fi ọjọ́ àti wákàtí wé ìrìn U-2, wọ́n á sì mọ ohun tó rí. Ṣé wọ́n sọ fún un? Rárá o. Wọ́n á wá nǹkan míì sọ. Nínú ìtàn tí CIA gbé jáde ní 1997, wọ́n sọ pé ó lé ní ìdajì gbogbo ìjábọ̀ UFO, ìyẹn ohun àìmọ̀ tó ń fò, láti ìparí àwọn ọdún 1950 títí gba àwọn ọdún 1960 tó jẹ́ ọkọ̀ amí. Àwọn olùwádìí kan ò gbà pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó dáa, ká tilẹ̀ ní ìdá mẹ́wàá ni. Awakọ̀ tó lójú, tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ni wọ́n sọ di ẹni tí kò mọ ohun tó rí.

Ajagun_Fẹ̀yìntì (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ilé. Ẹ̀ka rédà ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Òtítọ́_Korò, ohun tí o sọ nípa U-2 kò ní irọ́ nínú. Ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe kó gbogbo ológun sínú àpò kan. Ẹni tó jókòó sídìí rédà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ní láti sọ bóyá kí wọ́n rán ọkọ̀ ogun sókè. Kò lè dúró kó mọ ìdí abájọ. Rédà oríṣi méjì la ní. Ọ̀kan ń ju ìgbì rédíò síta, ohunkóhun tó bá kàn á á dá a padà. Èkejì ń béèrè orúkọ, ẹ̀rọ inú bàálù á sì dá a lóhùn pẹ̀lú nọ́ḿbà rẹ̀ àti bó ṣe ga tó. Ohun tí kò bá ní irú ẹ̀rọ yẹn, rédà àkọ́kọ́ nìkan ló lè rí i, rédà àkọ́kọ́ sì ń rí ẹyẹ, ń rí òjò, kódà ó ń rí ilẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá tẹ́ lórí èyí tó tutù, tó wá tẹ ìgbì náà kọ. Ní oṣù Keje ọdún 1952, òpin ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀léra wọn ni rédà ìlú Washington fi rí ohun àìmọ̀, tí wọ́n rán ọkọ̀ ogun sókè. Ọ̀gágun John Samford pe àwọn oníròyìn lọ́jọ́ 29 oṣù náà, afẹ́fẹ́ yìí náà ló sì tọ́ka sí. Àwọn kan lára àwọn tó wà nídìí rédà kò gbà fún un.

Kí rédà má baà kún fún pàǹtírí, a máa ń sọ fún un pé kó fojú fo ohun tó bá kéré tàbí tí ìrìn rẹ̀ bá lọ́ra. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2023, Amẹ́ríkà fi mísáìlì já bàlúùnù ilẹ̀ Ṣáínà létí òkun South Carolina. Wọ́n wá tún rédà wọn ṣe kí ó lè máa rí ohun tó ń rìn jẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ 10, 11 àti 12 oṣù yẹn, mẹ́ta míì ni wọ́n já lulẹ̀! Ààrẹ wọn sì sọ lẹ́yìn náà pé ó jọ pé bàlúùnù àwọn aládàáni tàbí ti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n. Ojú ọ̀run kò yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí wọ́n ní kí rédà fojú fò ló yí padà.

Ti àṣírí ńkọ́? Nígbà míì, kì í ṣe ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń fi pamọ́. Ohun tí wọ́n fi rí i ni. Bí mo bá fi àwòrán rédà mi hàn ọ́, mo ti fi hàn ọ̀tá bí ojú mi ṣe ríran tó.

Ọmọ_Obòkun

Ẹ ṣeun, bàbá. Ọ̀rọ̀ yín gan-an ló fi múlẹ̀ pé kò yẹ kí ìjábọ̀ ará ìlú wà lọ́wọ́ ológun nìkan. Bẹ́ljíọ̀mù gbìyànjú ọ̀nà míì. Láti òpin ọdún 1989 ni àwọn èèyàn níbẹ̀ ti ń rí ohun onígun mẹ́ta. Ní òru ọjọ́ 30 mọ́jú 31 oṣù Kẹta ọdún 1990, wọ́n rán F-16 méjì sókè. Wilfried De Brouwer tó ń ṣojú fún iléeṣẹ́ ológun òfurufú wọn kò ti ilẹ̀kùn. Ó bá SOBEPS ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ ará ìlú tó ń kó ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí jọ, wọ́n sì gbé ohun tí rédà rí síta. Nítorí pé ó wà níta, àwọn míì lè yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé nínú ohun tí rédà àwọn F-16 náà dì mú, àwọn kan jẹ́ F-16 kejì fúnra rẹ̀. Àwòrán onígun mẹ́ta tó gbajúmọ̀ jù, èyí tí wọ́n ní Petit-Rechain ni wọ́n ti yà á, ẹni tó ṣe é jáde lọ́dún 2011, ó ní fóòmù lòun fi ṣe é. Ogún ọdún gbáko ni wọ́n fi gbé e kiri. Síbẹ̀, ìwé tó ṣí sílẹ̀ ló jẹ́ kí gbogbo èyí ṣeé ṣe. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yẹn ju ti Amẹ́ríkà lọ.

Òtítọ́_Korò

701 ńkọ́? Ìjábọ̀ 12,618 ló wọlé títí wọ́n fi ti Blue Book pa ní oṣù Kejìlá ọdún 1969. 701 ni wọn ò rí ìtumọ̀ fún. Wọ́n kàn tì í ni.

Ìràwọ̀_Àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ronú gan-an lórí 701 yẹn. J. Allen Hynek, onímọ̀ ìràwọ̀ tó bá wọn ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni mo máa ń wò. Nígbà tí àwọn ará Michigan rí iná ní oṣù Kẹta ọdún 1966, ó ní ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń jóná láti inú irà. Inú bí àwọn èèyàn. Gerald Ford, tó jẹ́ aṣòfin wọn nígbà náà, ní kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbọ́ ẹjọ́ náà. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Yunifásítì Colorado lábẹ́ Edward Condon. Condon ní kò sí ohun tí sáyẹ́ǹsì máa rí kọ́ níbẹ̀, àwọn ológun sì dì í mú, wọ́n pa fáìlì dé. Hynek kò fara mọ́ ọn, ó ní àwọn kan wà tó yẹ kí wọ́n wádìí dáadáa.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nípa fáìlì báwọ̀nyí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè ní ìtumọ̀ mọ́, kì í ṣe nítorí pé ohun náà ta kókó, bí kò ṣe pé kò sẹ́ni tó kọ ohun tó yẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kódà ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, nígbà tí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà àwọn iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà gbé ohun tí wọ́n rí nípa ìjábọ̀ 144 jáde, tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ológun fúnra wọn ló rí i, ẹyọ kan péré ni wọ́n lè sọ ohun tó jẹ́ dájú: bàlúùnù tí afẹ́fẹ́ ń tán nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ nípa àwọn tó kù ni pé ìmọ̀ tó wà nílẹ̀ kò tó.

Ọmọ_Ilé_Oòdua (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ̀yin ń wá Amẹ́ríkà kiri. Ṣé kì í ṣe Ifẹ̀ níbí ni Odùduwà ti fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ sílẹ̀ láti ọ̀run? Àwọn baba wa ti mọ̀ pé àwọn kan wà lókè.

Ìyá_Ìbejì

Ọ̀rọ̀ Odùduwà tóbi, mi ò ní jẹ́ kí a fi í ṣe ẹ̀rí fún iná ọjọ́ Ẹtì. Ohun mímọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká fi í sípò rẹ̀. Bí iná yẹn bá wá já sí sátẹ́láìtì lọ́la, ṣé a ó wá ní Odùduwà kò rọ̀ ni?

Ajagun_Fẹ̀yìntì

Màmá, ẹ ṣeun. Ọmọ_Obòkun, o béèrè bó ṣe yẹ kí a kọ ọ́. Aago ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, kì í ṣe "lẹ́yìn ìṣáà" tàbí "nígbà tí NEPA mú iná lọ". Aago fóònù ni. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ wà, kí o kọ ọ́. Apá ibi tí o kọjú sí nígbà tó yọ àti apá ibi tó gbà wọlé. Na ọwọ́ rẹ gbọọrọ síwájú, di ìkúùkù: ìkúùkù mélòó ló wà láàárín ilẹ̀ àti ohun náà? Ìkúùkù kan tó nǹkan bíi dígírì mẹ́wàá. Má sọ fún mi pé ó ga ní kìlómítà márùn-ún, ojú kò lè mọ ìyẹn lóru. Ṣé ó kọjá níwájú ìkùukùu àbí ẹ̀yìn rẹ̀? Lẹ́yìn náà, kí o kọ orúkọ tí o rò pé ó jẹ́, bó bá wù ọ́. Àwọn tó ń jábọ̀ sábà máa ń fi orúkọ bẹ̀rẹ̀, ohun gbogbo tó kù á sì máa tẹ̀ sí ibi tí orúkọ náà kọjú sí.

Ọ̀nà tààrà láti Èkó sí Àbújá kò jìnnà sí Iléṣà, ẹ rántí bàálù. Dírónù náà wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi dírónù sókè gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìn ọkọ̀ òfurufú, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè, àmọ́ gbogbo wa la mọ bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe é níbi ìgbéyàwó.

Awakọ̀_Òṣú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà ni mò ń ná. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì fẹ́ ṣe é bí bàbá ṣe wí. Ọjọ́ Ẹtì, aago 7:24 alẹ́ ni fóònù mi sọ. Mo já èrò sílẹ̀ ní Òṣú, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ọ̀nà Iléṣà ni mo kọjú sí. Apá ọwọ́ ọ̀tún mi lẹ́yìn ni wọ́n ti yọ, wọ́n gba orí mi kọjá, wọ́n sì ń lọ sí apá ìlà-oòrùn. Ó lé ní ogún, èyí tó ṣáájú tàn ju àwọn tó wà lẹ́yìn lọ. Kò sí ariwo, mo ti pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí wọ́n ku bí ìkúùkù mẹ́ta sí ilẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú níkọ̀ọ̀kan, lójú ibì kan náà. Kò sí ìkùukùu níbẹ̀, ìràwọ̀ ń hàn. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìràwọ̀_Àárọ̀

Bàbá awakọ̀, ẹ ṣé o! Ojú ibi kan náà tí ẹ sọ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Bí oòrùn bá ti wọ̀, apá ìlà-oòrùn ni òjìji ayé ti ń gòkè bọ̀. Sátẹ́láìtì tó bá ń lọ síhà ibẹ̀ á wọnú òjìji náà, oòrùn ò ní kàn án mọ́, á sì kú mọ́ wa lójú. Èyí tó tẹ̀ lé e á dé ibẹ̀, á kú náà. Ìyẹn bá Starlink mu pátápátá. Màá fi aago 7:24 yìí wé àkọsílẹ̀ ìrìn wọn, ẹnikẹ́ni ló lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, màá sì kọ èsì rẹ̀ síbí, bó bá bára mu o, bí kò bára mu o. Èyí tó dúró sí ìwọ̀-oòrùn, kí Ará_Lágere jọ̀ọ́ padà síbi tó dúró sí lálẹ́ ọ̀la, ní aago kan náà.

Ní ti ibi tí ìjábọ̀ lè wà, ARCSSTE-E wà nínú ọgbà OAU níbí láti 1998, ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ gbalasa òfurufú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbígba ìjábọ̀ ará ìlú kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún, àmọ́ àwọn tó mọ ojú ọ̀run wà níbẹ̀. Mo máa kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n bá wa tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó sọ.

Òtítọ́_Korò

Èmi á fọwọ́ sí i. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà pé àwọn tí kò bá ní ìtumọ̀, kí wọ́n kọ "kò ní ìtumọ̀" sí i, kí wọ́n má wá orúkọ mọ́ ọn lọ́rùn.

Ará_Lágere

Mo ṣì ní fídíò mi o. Ṣé kí n fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp?

Ìràwọ̀_Àárọ̀

Má fi í ránṣẹ́ bí fídíò lásán. WhatsApp máa ń fún un pọ̀, aago tó wà nínú rẹ̀ sì lè sọnù. Fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì, kí o sì tọ́jú èyí tó wà lórí fóònù rẹ gan-an. Má gé e, má sì kọ nǹkan sójú rẹ̀. Bí òpó iná tàbí òrùlé kan bá hàn níbẹ̀, sọ èyí tó jẹ́ fún mi. Òun la máa fi mọ bí wọ́n ṣe ga tó.